Ojúlówó àti Ayédèrú: Ìtàn Ìlẹ̀kẹ̀, Idẹ àti Wúrà ní Ilẹ̀ Yorùbá

ÌFÁÀRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí nígbà tí wọ́n bá ń bá aláìmoore wí, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, ọ̀rọ̀ ọjà ni ó wà nídìí rẹ̀. Òwe náà kò sọ pé olówó ni kí a ta wúrà fún. Ẹni tí ó mọ iyì ni ó wí. Ó fi ìmọ̀ ṣáájú owó, nítorí pé owó lè bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń mọ ojúlówó, kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ.

Kí wá ni mímọ iyì ohun ọ̀ṣọ́? Bí a bá wo bí àwọn Yorùbá ṣe ń lo ìlẹ̀kẹ̀, idẹ, iyùn, fàdákà àti wúrà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń jẹ yọ. Èkíní ni pé, kí ni a fi ṣe é? Èkejì ni pé, iṣẹ́ wo ni ó wọ inú rẹ̀? Ẹ̀kẹta ni pé, ta ni ó tọ́ sí? Níbi tí àwọn ènìyàn bá ti lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojúlówó ni ó máa ń lékè. Níbi tí wọ́n bá ti gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, ayédèrú kì í pẹ́ gba ọjà.

DÍGÍ IGBÓ OLÓKUN

Ilé-Ifẹ̀ ni ó yẹ kí irú ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìhà àríwá ìlú náà ni Igbó Olókun wà. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń yọ́ dígí níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Inú ìkòkò amọ̀ tí ó nípọn ni wọ́n ti ń yọ́ ọ lórí iná líle. A ti rí àwókù irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀, tí dígí aláwọ̀ aró, ewé àti pupa ṣì lẹ̀ mọ́ wọn nínú.

Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, wá sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí ìkòkò àti dígí wọ̀nyí. Ẹwà àwọn iṣẹ́ ọnà tí ó bá ní ìlú náà yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gbà pé àwọn baba ńlá Yorùbá ni ó ni wọ́n. Ó ní ìlú Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì ni ó kù sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ fi ọ̀rọ̀ Atlantis sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń sọ pé dígí tí a gbé wá láti òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó fọ́ ìgò onígò kí ó tó yọ́ ọ kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ó sọ iyanrìn di dígí.

Bí alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe ń fi wúrà gbo òkúta wò kí ó tó sọ̀rọ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe fi dígí Ifẹ̀ sábẹ́ ìdánwò. Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren tẹ àyẹ̀wò wọn jáde. Wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú dígí náà lọ́nà tí kò bá ti dígí ilẹ̀ Lárúbáwá, ti Íńdíà tàbí ti Yúróòpù mu. Irú iyanrìn tí ó wà ní àyíká Ifẹ̀ gan-an ni ó lè mú irú dígí bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ọdún 2011 àti 2012, Abidemi Babatunde Babalola wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rí níbẹ̀ lé ní 12,000, yàtọ̀ sí àwókù ìkòkò àti pàǹtírí iṣẹ́ dígí. A ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi irú dígí yìí ṣe títí dé Gao, ní orílẹ̀-èdè Mali. Báyìí ni ẹjọ́ náà ṣe parí: ojúlówó iṣẹ́ Ifẹ̀ ni.

Nínú ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ wọ̀nyí, sẹ̀gi aláwọ̀ aró ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Irú ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá gbé e sókè kí oòrùn ba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ rẹ̀ a yí padà sí ti ewé. Ojú oòrùn ni òkúta ìdánwò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn òun máa ń ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan tí ó ní ìlà pupa, tí wọ́n ń pè ní “coris”, ní agbègbè odò Forcados. Wọ́n a kó o lọ sí São Jorge da Mina, ilé olódi tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1482 sí etíkun ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, wọ́n a sì fi í gba wúrà. Àwọn onímọ̀ kò tíì fi ẹnu kò lórí ìlẹ̀kẹ̀ náà gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó so ó mọ́ sẹ̀gi. Ohun kan dájú: ìgbà kan wà tí àwọn tí ó ni wúrà ń fi wúrà wọn ra ìlẹ̀kẹ̀.

Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1830, wọ́n gbọ́ nípa ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń wú nínú ilẹ̀ ní Ifẹ̀. Nígbà náà, iṣẹ́ yíyọ́ dígí Igbó Olókun ti di ohun àtijọ́. Ohun tí àwọn baba ń fi ọwọ́ ṣe ni àwọn ọmọ ń fi ọkọ́ wú.

IDẸ ÀTI BÀBÀ

Ìbéèrè kejì, èyí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́, hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ idẹ. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n bá àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ. Ní ọdún 1957, òmíràn tún jáde ní Ìta Yemòó. Ère ọba kan wà nínú ti Ìta Yemòó tí ìlẹ̀kẹ̀ bò ní ọrùn, ní àyà àti ní ẹsẹ̀. Idẹ ni ère náà, ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ń polówó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí náà jẹ́ idẹ tí òjé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bàbà pọ́ńbélé kì í tètè yọ́, kì í sì í ṣàn wọ inú àwo ìrọ bí idẹ ti ń ṣàn. Ó ṣòro púpọ̀ láti rọ. Ọ̀nà jíjìn sì ni irin wọ̀nyí ti ń wá. Síbẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ rọ ọ́. Iyì ère wọ̀nyí wá láti inú ohun tí a fi ṣe é, ó sì wá láti inú ọwọ́ tí ó ṣe é.

Láàárín àwọn Yorùbá, idẹ kì í ṣe wúrà tálákà. Ó ní ipò tirẹ̀. Idẹ ni a fi ń rọ edan Ògbóni, idẹ náà sì ni àwọn olùsìn Ọ̀ṣun fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ní Kúbà, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá ti ń pe òrìṣà náà ní Ochún, wúrà pẹ̀lú ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ipò tí idẹ wà nílé ni wúrà wá bá a pín lájò. Èyí fi yé wa pé ìlú àti àsìkò ni ó ń sọ irin tí yóò jẹ́ iyebíye.

IYÙN

Ohun ọ̀ṣọ́ kan wà tí Yorùbá kò ṣe fúnra wọn, tí wọ́n sì fi jọba. Iyùn ni. Iyùn kì í ṣe òkúta rárá. Egungun àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń gbé inú òkun ni, Òkun Mẹditaréníà sì ni èyí tí ó pupa dáadáa ti ń wá jù lọ. Àwọn Potogí, tí wọ́n dé Ìbíní ní ọdún 1486, jẹ́ ara àwọn tí ó gbé e wá sí etíkun wa. Ọba àti ìjòyè ni ó ń lò ó nígbà náà. Lónìí, ó ti di ohun ìgbéyàwó fún ìyàwó àti ọkọ, nítorí náà ni ayédèrú rẹ̀ fi pọ̀ lórí àtẹ: dígí pupa, ike, àti iyùn funfun tí a rẹ ní aró pupa.

Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rà ṣe ń ṣe nìyí. Yóò kọ́kọ́ mú un dání. Iyùn tutù lọ́wọ́, ó sì wúwo díẹ̀. Ike fúyẹ́, kì í sì í pẹ́ móoru. Yóò wo inú rẹ̀: dígí a máa ní ìfófòó kéékèèké nínú, iyùn kì í ní in, ìlà tín-ín-rín bí ìlà igi ni tirẹ̀. Yóò wo ẹnu ihò rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni aró ti máa ń ṣá. Bí ó bá ku iyèméjì, a lè kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ bíńtín sí ibi tí kò hàn: iyùn yóò hó pẹ́pẹ́pẹ́ nítorí irú ohun tí ó wà nínú ẹfun ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n dígí àti ike kò ní mira. Kíá ni kí a nù ún, nítorí omi kíkan a máa jẹ iyùn lára.

Ìdánwò yìí ní ààlà. Iyùn funfun tí a rẹ ní aró yóò hó pẹ̀lú. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìdánwò kan ṣoṣo kò tíì mọ̀ ọ́n rà. Òwú funfun tí a fi ohun tí ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ tẹ̀ mọ́ ọn lára ni yóò tú àṣírí aró.

LÁNTÀNÀ ÌLỌRIN

Bí ìtàn Ifẹ̀ ti jẹ́ ìtàn ògo, ti Ìlọrin ni ó gbé ẹ̀kọ́ tí ó korò dání. Lántànà ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí a fi òkúta líle ṣe. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí ó sá lọ sí Ìlọrin. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn oníṣòwò ni ó ń gbé òkúta náà wá láti ọ̀nà jíjìn ní ìhà òkè Ọya.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Wọ́n a fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́, wọ́n a sì gé etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ní ìrísí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ó fi irin tín-ín-rín lu ihò sí i, láti ìhà kan dé àárín, kí wọ́n tó yí i padà láti lu ìhà kejì. Bí ọwọ́ bá wúwo jù, òkúta pín nìyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì bàjẹ́. Èyí tí ó bá yè, wọ́n a fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí tí yóò fi máa dán. Ẹni tí ó wọ lántànà sọ́rùn wọ ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn sọ́rùn ni.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé, òkúta náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rí mọ́. Ní àkókò kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ dígí pupa tí àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù ṣe láti fi jọ lántànà ń wọlé, owó rẹ̀ sì kéré. Ní ọ̀kánkán, wọ́n jọra. Oníbàárà tí ó mọ̀ pé òkúta líle ni lántànà, tí dígí kò sì lè ha á, yóò yàn án. Oníbàárà tí ó ń wo àwọ̀ nìkan yóò ra èyí tí kò wọ́n. Irú oníbàárà kejì ni ó pọ̀ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni àwọn tí ń lu lántànà ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ayédèrú kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á nìkan. A máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe ojúlówó, a sì máa gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí ì bá kọ́ ọ.

TA NI Ó TỌ́ SÍ?

Ìbéèrè kẹta kò sí lórí ìwọ̀n, kò sì sí nínú ásíìdì. Ní ọdún 1903, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ láàárín Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ àti Akárìgbò ní Rẹ́mọ lórí bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Gómìnà William MacGregor ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní pé kí ó wá sọ ohun tí ó mọ̀. Ọọ̀ni lọ sí Èkó, èyí tí ó jẹ́ ohun ìyanu fún àwọn ènìyàn ìgbà náà, ó sì jẹ́rìí pé adé náà kò tọ́ sí Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́.

Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ara adé náà dára. Ó lè jẹ́ èyí tí ó dára jù lórí àtẹ. Ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni orísun àṣẹ. Lójú àwọn Yorùbá, adé tí kò ní orísun ayédèrú ni, bí ó ti wù kí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣe ojúlówó tó.

FÀDÁKÀ ÀTI WÚRÀ

Ìlẹ̀kẹ̀ ni Yorùbá fi ṣe ọba fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọjà òde òní, wúrà ni ó gba iwájú. Nígbà kan, àwọn alágbẹ̀dẹ a máa yọ́ owó fàdákà láti fi rọ òrùka àti ẹ̀gbà. Ó ní ìdí. Títí di ọdún 1920, nínú ìdá 1,000 owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 925 ni fàdákà. Ní ọdún náà ni wọ́n dín in kù sí 500 ní ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì fi owó aláwọ̀ idẹ rọ́pò ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orúkọ owó kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti yí. Ẹni tí ó ń ka owó nìkan kò mọ̀. Ẹni tí ó ń yọ́ ọ ni ó mọ̀.

Nítorí irú èyí ni a ṣe ń lu òǹtẹ̀ sára wúrà àti fàdákà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin òǹtẹ̀ ti wà láti ọdún 1300. Wúrà pọ́ńbélé ni a ń pè ní kárátì 24. Ó rọ̀, nítorí náà a máa ń fi bàbà tàbí fàdákà lú u kí ó lè le. Nínú wúrà kárátì 22, ìdá 916 nínú 1,000 ni wúrà gidi. Nínú kárátì 18, ìdá 750. Nínú kárátì 14, ìdá 585. Nínú kárátì 9, ìdá 375 péré. Òǹtẹ̀ 925 lára fàdákà dúró fún irú ti owó àtijọ́ yẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ kárátì òkúta iyebíye: ìwọ̀n ni ti òkúta, kárátì kan sì jẹ́ ìdá márùn-ún gíráàmù kan.

Òǹtẹ̀ pàápàá ní ayédèrú, nítorí náà ni ìdánwò kò fi tán. Irin òòfà kì í fa wúrà, ṣùgbọ́n kì í fa idẹ náà. Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé yìí kò lè ya méjèèjì. Ìwọ̀n ni ó sàn jù. Bí a bá rọ wúrà tí ó kún ife kan, yóò wúwo tó omi ife 19 ó lé díẹ̀. Fàdákà kò ju 10 àti ààbọ̀ lọ, idẹ kò sì ju nǹkan bí 8 àti ààbọ̀. Ẹ̀gbà idẹ tí a fi wúrà bò yóò fúyẹ́ ju bí ó ti tóbi lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ a tún máa fi ohun ọ̀ṣọ́ gbo òkúta dúdú, wọ́n a sì kán ásíìdì náítríìkì sí ojú ìlà tí ó bá fà. Ìlà idẹ yóò parẹ́, ìlà wúrà tí ó dára yóò dúró. Lẹ́yìn ìdánwò ni ìdúnàádúrà tó kàn: kí oníbàárà béèrè iye gíráàmù àti iye kárátì, kí ó sì gba ìwé tí a kọ méjèèjì sí.

ÌGÚNLẸ̀

Wúrà wà nínú ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni a ti ń wa á ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ọdún 2021 ni ibi ìwakùsà ńlá kan nítòsí Òdò-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Sẹ̀gilọlá ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àwọn òkúta iyebíye aláwọ̀ mèremère, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ó ń jáde kúrò nílùú ní tútù, láìgé, láìdán, tí àwọn ẹlòmíràn yóò sì fi iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn sọ wọ́n di olówó iyebíye.

Ó yẹ kí olùkọ́ dá dúró díẹ̀ lórí orúkọ Sẹ̀gilọlá níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn òbí tí ó ń sọ ọmọ wọn ní Wúràọlá tàbí Iyùnadé ń dárúkọ ohun tí a wà nínú ilẹ̀ tàbí tí a yọ nínú òkun. Àwọn tí ó sọ tiwọn ní Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ó jẹ́ pé iyanrìn, iná àti ọgbọ́n orí ni orísun rẹ̀. Wúrà ni wọ́n wà nínú kòtò náà, orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fún un. Àwọn ará Ifẹ̀ kò dúró de ohun tí ilẹ̀ yóò fi sílẹ̀ fún wọn. Iyanrìn tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n mú, tí wọ́n fi iṣẹ́ kún títí tí aráyé fi wá a wá láti ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ tí ó ní wúrà lónìí kò tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀, bí wúrà rẹ̀ àti òkúta rẹ̀ bá ń jáde ní tútù, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń padà lọ ra ayédèrú rẹ̀ lórí àtẹ.